Agbọ́n Tó Ń Pa Eṣinṣin Ìrẹsì: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kó Tètè Dé Oko Yín

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbẹ̀ oníìrẹsì kì í yé béèrè: "Wọ́n ní agbọ́n kékeré kan wà tó ń pa eṣinṣin ìrẹsì, kòkòrò tó ń sọ èèhù ìrẹsì di ọ̀pá bí ewé àlùbọ́sà. Níbo la ti lè rà á, èló sì ni?"

Ẹ kò lè rà á. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á, ẹni tó bá sì gbé ìgò kan wá pé òun rèé, ẹ di àpò yín mú. Agbọ́n yìí ti wà ní àgbègbè yín kí ẹ tó dá oko. Ohun tó ń dun àgbẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́ dé: ìgbà tí yóò bá fi pọ̀ dáadáa, àwọn èèhù tó yẹ kó so ti bàjẹ́ tán. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níwájú yín kò ju méjì lọ: kí ẹ jẹ́ kó tètè dé, kí ẹ má sì fọwọ́ ara yín pa á.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rírà yẹn ti wá. Lọ́dún 1981, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n kan tí wọ́n mú wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà sínú oko ẹ̀gẹ́, kó lè bá wa pa kòkòrò funfun tó ń mú ewé ẹ̀gẹ́ ká kò, ó sì ṣiṣẹ́ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àlejò ni kòkòrò ẹ̀gẹ́ yẹn. Ó dá wá láìsí ọ̀tá rẹ̀ lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lọ wá ọ̀tá náà nílé. Eṣinṣin ìrẹsì ní tirẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, ilẹ̀ Áfíríkà náà ni wọ́n sì bí àwọn ọ̀tá rẹ̀ sí. Kò sí ẹni tó máa lọ mú wọn wá láti òkè òkun.

Ẹni tó ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀, tàbí níbi tí wọ́n ti ń fa omi wọ oko, ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún: ẹ̀yin ará Pátígi àti Èjìbà, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní Benin àti Togo. Ẹni tó ń gbin Ọ̀fàdà sórí ilẹ̀ gbígbẹ kì í sábà bá eṣinṣin yìí pàdé. Edozhigi lẹ́bàá Bídà àti Abakaliki wà lára ibi tí ìyọnu rẹ̀ ti le jù ní Nàìjíríà.

## Kọ́kọ́ rí i dájú pé òun ni

Orseolia oryzivora ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe eṣinṣin ìrẹsì. Ó jọ ẹ̀fọn, kò sì tóbi jù ú lọ. Òru ló ń rìn, nítorí náà ẹ lè ṣe oko fún ọdún púpọ̀ kí ẹ má fojú kàn án. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ máa rí. Èèhù tó yẹ kó mú ewé jáde á na ọ̀pá róbótó kan sókè dípò, ihò á wà nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á funfun tàbí kó jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣá. Ewé àlùbọ́sà ni màá máa pè é láti ibí lọ.

Ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ má bàa máa lé ẹni tí kò jí yín lẹ́rù:

- Ṣé ọ̀pá ni, tó ṣófo nínú? Òun ni.
- Ṣé ihò kékeré wà nítòsí ṣóńṣó ọ̀pá náà, tí èèpo tín-ín-rín kan sì ń yọrí jáde níbẹ̀? Eṣinṣin ti jáde nínú ìyẹn, awọ tó bọ́ sílẹ̀ lẹ̀ ń wò.
- Ṣé ewé àárín kan ṣoṣo ló gbẹ, tó ṣì rí pẹlẹbẹ, tó sì yọ wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ fà á? Ìdin tó ń gbẹ́ inú igi ìrẹsì ló ṣe ìyẹn. Ìtọ́sọ́nà yìí kò kàn án.
- Ṣé gbogbo ewé ló ń pọ́n bí ìyeyè, tí ìrẹsì náà sì ràrá? Àìsàn ewé pípọ́n lẹ máa kọ́kọ́ fura sí.

Ìrẹsì tí eṣinṣin yìí bá kọlù léraléra náà máa ń ràrá, á sì máa ta èèhù púpọ̀ láìníláárí. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní ṣàìrí ewé àlùbọ́sà láàárín wọn.

## Ohun tó ń lọ nínú èèhù, àti ìdí tí fífín oògùn kì í fi í dé ibẹ̀

Eṣinṣin máa ń yé ẹyin sára ewé tàbí ìdí ewé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹyin á pa, ìdin á sì rọra wọ́ sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ewé títí tó fi dé ọkàn èèhù, nísàlẹ̀ pátápátá. Ó nílò kí ara ewé tutù kó tó lè rìn ín, ìdí rèé tí ìyọnu rẹ̀ fi ń pọ̀ ní àsìkò tí òjò ń rọ̀ ṣáá tí oòrùn kò sì ràn. Tó bá ti dé ọkàn èèhù, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, tí èèhù á sì máa yí padà di ọ̀pá yí i ká. Láti ẹyin títí dé ìgbà tí eṣinṣin tuntun á fò jáde kì í tó oṣù kan pé.

Ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí díẹ̀ nìyí: ọ̀pá yẹn kì í yọrí síta títí di ìgbà tí ìdin inú rẹ̀ ti jẹun yó, tó ń para dà láti di eṣinṣin. Ọjọ́ tí ẹ rí ewé àlùbọ́sà, èèhù yẹn ti kú, kò ní so mọ́. Oògùn tí ẹ bá gbé lọ fín lọ́jọ́ náà, orí òkú lẹ ń fín in sí. Àwọn tí wọ́n ṣì wà láàyè níta, tí wọ́n ń rìn lórí ewé ní ọ̀sán gangan, ni oògùn á bá. Agbọ́n ni wọ́n.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀: ìrẹsì tó ń ta èèhù lọ́wọ́ nìkan ni eṣinṣin yìí lè bàjẹ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti mú orí jáde, ewu ti kọjá lórí rẹ̀.

## Àwọn agbọ́n méjì náà

Agbọ́n méjì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n dúdú, wọ́n kéré débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá dá tó kò ní rí wọn láìlo kámẹ́rà fóònù tàbí dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Wọn kì í ta èèyàn, wọn kì í kọ́ ilé sára igi. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ agbọ́n bà yín lẹ́rù.

Platygaster diplosisae ni èkíní. Inú ẹyin tàbí ìdin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló ń fi ọmọ tirẹ̀ sí, ìdin náà á sì máa dàgbà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Tó bá yá, àwọn ọmọ agbọ́n á jẹ ẹ́ tán láti inú. Nínú ìdin kan ṣoṣo, agbọ́n púpọ̀ ló máa ń jáde.

Ìkejì, Aprostocetus procerae, ń dúró de ìgbà tí ìdin bá fẹ́ di eṣinṣin. Ó máa gún ọ̀pá náà láti ìta, yóò sì yé ẹyin sí ara ẹni tó wà nínú. Ọmọ rẹ̀ kan ń jẹ eṣinṣin kan. Èyí ni ẹ máa bá ṣe jù, fún ìdí tí ẹ máa rí nísàlẹ̀.

Àwọn méjèèjì lè pa èyí tó pọ̀ jù nínú eṣinṣin oko kan, ṣùgbọ́n òpin àsìkò nìyẹn sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í tó nǹkan.

## Ìgbésẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí dé ìkórè

1. Rìn yí oko ká kí òjò tó dé. Ẹ mú àdá àti okùn pupa dání. Ohun méjì lẹ ń wá: èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀ àti èyí tí ẹ máa hú. Ẹ so okùn mọ́ èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀, kí àwọn tó ń bá yín ro oko má bàa gé e.

2. Fi koríko Paspalum sílẹ̀ lórí bèbè. Bí ẹ kò bá ní ṣe ju ìgbésẹ̀ kan lọ nínú gbogbo èyí, òun ni kí ẹ ṣe.

Paspalum scrobiculatum jẹ́ koríko tí ẹ ti rí láìmọye ìgbà. Ó máa ń hù ní ìdìpọ̀ létí àkùrọ̀ àti lórí bèbè tí a fi ń sé omi. Orí rẹ̀ máa ń ya sí ẹ̀ka díẹ̀, èso rẹ̀ sì rí róbótó, ó rí pẹlẹbẹ, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára ẹ̀ka náà. Koríko yìí ní eṣinṣin tirẹ̀, Orseolia bonzii, tó ń sọ èèhù rẹ̀ di ọ̀pá gẹ́gẹ́ bíi ti ìrẹsì. Eṣinṣin koríko kì í fọwọ́ kan ìrẹsì. Ṣùgbọ́n agbọ́n Aprostocetus procerae kò yà wọ́n sọ́tọ̀: ó ń jẹ ti koríko, ó ń jẹ ti ìrẹsì. Nígbà tí ìrẹsì kò tíì sí lóko, ara koríko yìí ló ti ń rí oúnjẹ òun àtọmọ rẹ̀. Tí ẹ bá wá gbin ìrẹsì, bèbè oko yín náà ló ti máa gbéra.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé:

- Ẹ fi í sílẹ̀ lórí bèbè ìta, kí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta. Bí oko bá tóbi, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí bèbè àárín náà.
- Bí kò bá sí lóko yín, ẹ wa ìdìpọ̀ bíi mélòó kan níbi tó bá wà nítòsí, pàápàá èyí tó ní ọ̀pá lára, kí ẹ gbìn ín sórí bèbè nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.
- Ẹ má jẹ́ kó wọ inú ìrẹsì. Koríko ṣì ni, ó máa bá ìrẹsì du ajílẹ̀. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé yóò tàn ká, orí tó ní èso nìkan ni kí ẹ máa gé kó tó gbọ̀n, ẹ fi igi rẹ̀ sílẹ̀.
- Ẹ má sun bèbè. Ẹ má fín oògùn apakoríko sí i.
- Ẹ la ọ̀pá rẹ̀ bíi mẹ́wàá wò kí ẹ tó gbin ìrẹsì. Tí ẹ bá bá agbọ́n nínú díẹ̀ lára wọn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

3. Hú ìrẹsì ìgbẹ́ àti ìrẹsì tó lalẹ̀ hù. Ẹ má pa èyí pọ̀ mọ́ ìgbésẹ̀ kejì. Ìrẹsì ìgbẹ́ tó ń jẹ́ Oryza longistaminata, tó ní irun gígùn lórí hóró tó sì ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ bíi ti èèkan, ń tọ́jú eṣinṣin ìrẹsì gan-an pa mọ́ títí di àsìkò tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kùkùté ìrẹsì tó tún rúwé lẹ́yìn ìkórè, àti hóró tó já bọ́ tó sì hù fúnra rẹ̀. Agbọ́n lè wà níbẹ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti eṣinṣin lẹ máa jọ jẹ èrè rẹ̀. Ti bèbè yẹn, agbọ́n nìkan ló ń ti ibẹ̀ wọ inú ìrẹsì. Gígé orí ìrẹsì ìgbẹ́ kò tó, ẹ wa gbòǹgbò rẹ̀ jáde.

4. Bá àwọn aládùúgbò yín fẹnu kò, kí ẹ jọ tètè gbìn. Ìrẹsì tó bá wọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò máa ń kọjá ìgbà tó ń ta èèhù kí eṣinṣin tó pọ̀. Ẹni tó bá gbìn ní ìparí, gbogbo eṣinṣin tí oko àwọn yòókù ti bí ló máa ya lù ú. Ọ̀rọ̀ yìí le láti ṣe, mo mọ̀: ẹnì kan ń dúró de katakata, ẹnì kan ń dúró de owó. Ẹ gbìyànjú kí àlàfo tó wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn ní àkùrọ̀ kan náà má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

5. Yan irúgbìn tó lè fara dà á. FARO 51, tí wọ́n tún ń pè ní Cisadane, ni wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà fún irú ibi báyìí. Eṣinṣin á bà á, ṣùgbọ́n ó máa ń ta èèhù mìíràn dí èyí tó kú. Ó bá agbọ́n mu, nítorí ó ń ra àkókò fún un láti dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ADP (ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀) ìpínlẹ̀ yín, tàbí ní NCRI (ilé ìwádìí ọkà) ní Badeggi, kí ẹ sì rí i pé àpò irúgbìn náà ní káàdì ìjẹ́rìí.

6. Má kó ajílẹ̀ lé e lórí. Yúríà púpọ̀ máa ń mú ìrẹsì dúdú, á rọ̀, á sì ta èèhù púpọ̀ jù, ohun tí eṣinṣin ń wá gan-an nìyẹn. Nítirójìn tí kò ju kílò 60 lọ fún hẹ́kítà kan ti tó. Fún éékà kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àpò NPK 15-15-15 kan ààbọ̀ àti ìdajì àpò yúríà. Ẹ pín yúríà sí ọ̀nà méjì: apá kan nígbà tó ń ta èèhù, apá kejì nígbà tó bá fẹ́ mú orí jáde. Ní ti àlàfo, ìwọ̀n 20 sẹ̀ǹtímítà sí 20 dára. Ìrẹsì tó há jù máa ń di ọ̀rinrin mọ́ abẹ́ ara rẹ̀.

7. Fi agolo oògùn sílẹ̀. Cypermethrin, lambda-cyhalothrin, chlorpyrifos, gbogbo wọn ń pa agbọ́n wọ̀nyí. Bí kòkòrò mìíràn bá fipá mú yín láti fín nǹkan, ibi tí kòkòrò náà wà nìkan ni kí ẹ fín, kí ẹ sì yẹra fún bèbè. Oògùn oníhóró tí àwọn kan ń dà sínú omi oko, irú Furadan, máa ń wọ inú igi ìrẹsì lóòótọ́, àmọ́ májèlé ńlá ni fún èèyàn, fún ẹja àti fún ẹyẹ. Èmi kò lè gba ẹnikẹ́ni tó ń fi ọwọ́ lásán ṣiṣẹ́ nínú omi níyànjú láti lò ó.

8. Yẹ oko wò lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ 42 lẹ́yìn tí ẹ ti ṣí irúgbìn gbìn, àti lọ́jọ́ 63. Bí a ṣe ń kà á wà nísàlẹ̀.

9. Lẹ́yìn ìkórè, tú ilẹ̀. Ẹ túlẹ̀ bo kùkùté kó má bàa rúwé. Bèbè àti Paspalum orí rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

## Bí a ṣe ń kà á, àti bí a ṣe ń la ọ̀pá wò

Ohun tí ẹ nílò: abẹ tuntun kan, abọ́ funfun kan, ìwé àti bírò, fóònù. Àárọ̀ ló dára jù.

1. Ẹ wọ oko láti igun kan dé igun kejì, kí ẹ yan ìdí ìrẹsì 20 lójú ọ̀nà láìṣa èyí tó bàjẹ́ jù.
2. Ẹ ka gbogbo èèhù ìdí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka ewé àlùbọ́sà inú wọn, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀.
3. Ẹ gé ewé àlùbọ́sà 30 láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má já a láàárín, torí ìsàlẹ̀ ni ìdin sábà máa ń wà.
4. Ẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan gígùn sórí abọ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú ọwọ́ fífúyẹ́.

Ohun tí ẹ lè bá nínú rẹ̀:

- Ìdin funfun tàbí èyí tó pọ́n díẹ̀, tó ń mira, tí ara rẹ̀ dán: eṣinṣin ni, kò sí agbọ́n tó rí i.
- Awọ ìdin tó wú, tó kún fún hóró kéékèèké tó fún mọ́ra: Platygaster ti gbà á.
- Eṣinṣin tó ń para dà tó ti gbẹ tàbí tó ti rọ̀, tí ìdin mìíràn kan tàbí ọmọ agbọ́n kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Aprostocetus ni.
- Ọ̀pá tó ṣófo, tí awọ eṣinṣin ń yọrí jáde ní ihò òkè: eṣinṣin ti lọ. Bí ihò bá jẹ́ róbótó kékeré, tó mọ́, tí kò sí awọ lẹ́nu rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ agbọ́n ló gba ibẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní èèhù 240 lẹ kà, tí 18 nínú wọn jẹ́ ewé àlùbọ́sà. Ẹ fi 240 pín 18, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100: 7.5 ni, ìyẹn ìdá 7.5 nínú 100. Ìdá 1 nínú 100 èèhù tó bàjẹ́ sábà máa ń gba nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú 100 ìkórè, nítorí náà ẹ ti ń wo àdánù tó lè tó ìdá 15 sí 22. Bí 12 nínú ọ̀pá 30 tí ẹ là bá ní agbọ́n, ìdá 40 nínú 100 nìyẹn.

Nọ́ńbà kejì yìí ni mo máa ń tẹjú mọ́ jù. Bí agbọ́n bá ti wọ ìdá 40 lọ́jọ́ 42, ìran eṣinṣin tó ń bọ̀ máa dín kù, ẹ sinmi. Bó bá jẹ́ 2 nínú 30 lẹ bá, agbọ́n kò tíì dé. Ẹ kò ní rí nǹkan ṣe sí i lọ́dún yìí ju pé kí ẹ gé ewé àlùbọ́sà kúrò lọ, kí ẹ sì múra sí ọ̀rọ̀ bèbè fún ọdún tó ń bọ̀.

## Ṣé ká gé ewé àlùbọ́sà ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn kò rí bákan náà jálẹ̀ àsìkò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí agbọ́n kò tó nǹkan, gígé dára ní oko kékeré: èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń gé ló ń gbé eṣinṣin. Àwọn tí kò tíì ní ihò lókè ni kí ẹ wá, èyí tó ti ní ihò ti ṣófo. Ní ìparí àsìkò, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá gé e nígbà náà tó sì sun ún, agbọ́n ọdún tó ń bọ̀ ló sun.

Bí ẹ bá fẹ́ jẹ nínú méjèèjì, ọgbọ́n kan wà. Ní Hawaii, fún eṣinṣin tó ń ba èso jẹ́, wọ́n máa ń kó èso jíjẹrà sínú àgọ́ kékeré tó ní àwọ̀n lókè: agbọ́n á ráyè jáde, eṣinṣin á há sínú rẹ̀. Ẹ lè dán an wò báyìí:

1. Ẹ da iyanrìn tútù díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ garawa, kí ẹ to ewé àlùbọ́sà tí ẹ gé sínú rẹ̀ lóòró.
2. Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó lẹ́nu, kí ẹ fi rọ́bà dè é pinpin.
3. Kí ẹ tó gbé e lọ oko, ẹ fi aṣọ funfun ṣe àpò bo òkè àwọ̀n náà, kí ẹ wo ohun tó máa gba ojú rẹ̀ kọjá fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Eṣinṣin yìí tín-ín-rín. Bí ẹyọ kan bá lè kọjá, ẹ wá àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré sí i.
4. Tó bá jẹ́ pé agbọ́n nìkan ló ń jáde, ẹ gbé garawa sórí igi létí oko, lábẹ́ òjìji. Ẹ fi gírísì pa igi náà kí èèrà má gùn ún.
5. Ẹ wọ́n omi sí iyanrìn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kó ohun tó ṣẹ́kù sin.

Àwọn ìdin tó ṣì kéré nígbà tí ẹ gé igi wọn máa kú, agbọ́n inú wọn náà á kú. Kò sí bí a ṣe lè gba gbogbo wọn.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Fífín oògùn lọ́jọ́ tí ẹ rí ewé àlùbọ́sà. Mo ti sọ ọ́, mo tún sọ ọ́.
- Fífi oògùn apakoríko pa gbogbo ohun tó hù lórí bèbè kí oko lè "mọ́". Oko tí bèbè rẹ̀ fá korodo dùn wò lójú, ibẹ̀ náà ni agbọ́n sì ti ń pẹ́ dé jù.
- Pípe ìrẹsì ìgbẹ́ ní Paspalum. Tí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ dúró dìgbà tó bá mú orí jáde. Hóró onírun gígùn ni ti ìrẹsì ìgbẹ́.
- Ríretí pé agbọ́n á pa gbogbo rẹ̀ tán. Bí eṣinṣin bá tán pátápátá, agbọ́n náà á kú tàbí kó lọ. Díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù.
- Gbígbin ìrẹsì lé ìrẹsì lórí láìsinmi níbi tí omi wà tọdún tọdún, tí oko kan ń dàgbà nígbà tí ìkejì ń gbó. Eṣinṣin kì í jìyà nírú ibẹ̀.

## Àwọn ìbéèrè kúkurú

Ṣé agbọ́n Trichogramma tí mo gbọ́ pé wọ́n ń tà nílẹ̀ òkèèrè kò lè ṣe é? Rárá. Ẹyin labalábá àti ti àwọn kòkòrò abìyẹ́ bíi tirẹ̀ ni Trichogramma ń wá. Eṣinṣin ìrẹsì kò sí lára oúnjẹ rẹ̀.

Màlúù ń jẹ Paspalum mi tán ńkọ́? Ẹ fi ẹ̀gún tàbí ẹ̀ka igi ṣe ọgbà yí apá kan bèbè ká. Ìdìpọ̀ díẹ̀ tó dúró títí òjò fi dé sàn ju bèbè gígùn tí wọ́n ti jẹ dé ilẹ̀ lọ.

Ọdún mélòó ni màá tó rí àyípadà? Ẹ fi nọ́ńbà ọjọ́ 42 ọdún yìí wé ti ọdún tó ń bọ̀. Òjò ọdún kan kì í rí bíi ti èkejì, nítorí náà ẹ má tìtorí ọdún kan ṣoṣo pa bèbè run.

Ọkà bàbà ni mo ń gbìn, kì í ṣe ìrẹsì. Eṣinṣin tiyín yàtọ̀, Stenodiplosis sorghicola ló ń jẹ́, inú òdòdó ló sì ń ba hóró jẹ́. Òun náà ní agbọ́n tirẹ̀, wọ́n sì máa ń pẹ́ dé bíi ti ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ bèbè àti Paspalum kò kàn yín. Ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ jù ni kí gbogbo àdúgbò gbin irú kan náà nígbà kan náà, kí òdòdó yín lè yọ pa pọ̀, kí ẹ má sì fín oògùn nígbà tí agbọ́n ń rìn lórí rẹ̀ lọ́sàn-án.